Ọlọ́pàá tó di oníbúrẹ́dì

Ìbàdàn.

Adéọlá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fíìmù kan wà tí mo fẹ́ kí o wá àyè wò, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Theri ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe irú fíìmù Híńdì tí àwa méjèèjì ń wò nígbà èwe o. Èdè Tamil ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ìtàn náà wáyé láàárín Chennai àti Kerala ní gúúsù Íńdíà, Atlee ni ó sì darí rẹ̀ ní ọdún 2016.

Joseph Kuruvilla ni a kọ́kọ́ rí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń ṣe búrẹ́dì tà, tó sì ń dá tọ́ Nivi, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Bí àwọn jàǹdùkú bá yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kan ọmọ náà lára ni a tó mọ̀ pé Vijay Kumar ni, igbákejì kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Chennai, tí gbogbo ayé gbà pé ó ti kú.

Ohun tó sọ ọ́ di ìsáǹsá ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ mínísítà kan fipá bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan lò pọ̀, ọmọbìnrin náà sì kú. Nígbà tí Vijay Kumar rí i pé agbára bàbá ọmọ yìí kò ní jẹ́ kí òfin mú un, òun fúnra rẹ̀ pa á, ó gbé òkú rẹ̀ kọ́ sábẹ́ afárá, ó sì sọ ọ́ sójú bàbá náà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Mínísítà gbẹ̀san: wọ́n ya wọ ilé ọlọ́pàá náà, wọ́n pa ìyá rẹ̀, wọ́n pa Mithra ìyàwó rẹ̀, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n ri Nivi sómi. Kí Mithra tó dákẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kí ó máa tọ́jú ọmọ wọn.

Wọ́n ṣe é níkà, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ gba ipò adájọ́ mọ́ ti ọlọ́pàá, Atlee sì fi ìlù àti orin G. V. Prakash Kumar bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a má baà ráyè bi í léèrè. J. Mahendran tó ṣe mínísítà náà ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Olùdarí fíìmù tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún láti àwọn ọdún 1970 ni, kò sì pariwo rárá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi ń pàṣẹ ìkà. Nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n bá a kẹ́dùn, inú sì bí mi sí ara mi.

Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn mínísítà náà taari bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé sínú odò, tí Nivi sì wà nínú rẹ̀, Joseph padà sí Chennai bí òkú tó jí dìde, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti wo fíìmù ìjà rí mọ bí yóò ṣe parí. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé Vijay, òṣèré tó ṣe Joseph, tó sì bá olóṣèlú jà báyìí nínú fíìmù, ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2024.) Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún ìtàn náà ṣe ní èdè Híńdì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni kí o wá.

Bí o bá wò ó tán, jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi. Lọ́jọ́ tó gbé òkú ọmọ mínísítà kọ́ sábẹ́ afárá, ǹjẹ́ ó ronú kan Mithra àti ìyá rẹ̀ tó wà nílé? Ìyàwó mi ní ó ronú kàn wọ́n, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Èmi kò gbà, a sì ti ń bá àríyànjiyàn náà bọ̀ láti ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Káyọ̀dé