Lẹ́tà ìparí sáà kẹta: ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì ajílẹ̀ ẹ̀yìn ilé

Sùúrùlérè, Èkó
Oṣù Keje

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú òjò yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ká bá sáà yìí parí ní àlàáfíà.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé èsì yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́, láti aago 10 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Ọjọ́ kan náà ni ayẹyẹ àwọn tó ń lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yá aṣọ ayẹyẹ níta, a ní in níbí. Oṣù Kẹsàn-án la ó wọlé. Owó ọkọ̀ kò yí padà. A fi ₦3,000 kún owó iṣẹ́ ọwọ́, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Fọ́tò bọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ajílẹ̀ fún ọgbà wa, tó kún fún ìdin, ti rìn jìnnà lórí WhatsApp. Òótọ́ ni fọ́tò náà. Irọ́ ni pé inú kíláàsì ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wà. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, ló wà. Kò sì sí ọmọ kankan tó tìtorí rẹ̀ ṣàìsàn.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-lítà 20 ni, a lu ihò 8 sí ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá da ife kan èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ti ọsàn sí i, ife 3 ewé gbígbẹ tàbí páálí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ya ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ewé gbígbẹ ló ń fa omi mu, òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí àyè wọlé. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, rírùn ni yóò máa rùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ 3, ó pa ewé tí a kó síta, ẹnì kan sì lọ da ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ àti egungun ẹja sínú rẹ̀. Kí ni eṣinṣin tún ń wá? Ti ewé yẹn, ẹ̀bi wa ni, a gbà.

A ti ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ní ìdérí àti nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ òrùlé ni àpò ewé sì wà báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ yóò bu ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ kan, yóò fi ọwọ́ fún un pọ̀: bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó dára, bí ó bá ṣàn, a ó fi páálí kún un. Ní ti ẹ̀fọn, ọjọ́ méjì-méjì là ń da omi abẹ́ ìkòkò òdòdó nù, kí tanwíji má ráyè dàgbà.

Àwọn kan ní àwọn kò sanwó kí ọmọ wá ṣe àgbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ọmọ ọdún 4 tó ń fi ìka méjì fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí a pò mọ́ yanrìn gbígbẹ, nítorí irúgbìn yẹn kéré débi pé ojú kan ni ì bá dà sí. Ìka méjì yẹn náà ni yóò di pẹ́ńsù mú. Ewédú tiwa hù dáadáa: olùkọ́ di irúgbìn sínú aṣọ, ó tì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ó tó gbìn ín, torí èèpo rẹ̀ le. Àwọn ọmọ ló ń bomi rin ín, àwọn ló já a, wọ́n sì mọ ekòló yàtọ̀ sí ìdin. Mo fi ọgbà yìí yangàn, n kò sì ní fi í sílẹ̀.

₦3,000 yẹn ni a ó fi ra erùpẹ̀ dúdú, bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí méjì, ọṣẹ àti ṣọ́bìrì kékeré. Kò ní dín kù.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọgbà: aṣọ ogbó ni kí ọmọ wọ̀, kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù. Èèpo èso nìkan ni kí ẹ fi rán wọn, kò gbọdọ̀ sí ọbẹ̀, ẹran tàbí ẹja níbẹ̀. Abọ́ onídèérí ni kí oúnjẹ wọn wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, gọ́tà iwájú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sì ti rí ọ̀rá tó. Abọ́ fóòmù tó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, a ó dá a padà sílé.

Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun fọwọ́ kan erùpẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa kí a tó wọlé. Omi ni ọmọ náà yóò máa bu rin ọgbà.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́