Ẹ yéé yọ propeller CR-V dànù, ọ́ìlì ló ń wá

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Okun o, bí a ṣe máa ń kí ara wa lọ́dọ̀ tiwa níbí. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, tàwọn ẹlòmíì ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní Sátidé tó kọjá yìí ò jẹ́ kí n lè panu mọ́. Mo yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Kabba níbí, mo bá Honda CR-V mẹ́ta níbẹ̀, àwọn tó jáde láàárín 2002 sí 2006 yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ wọn, méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ò ní propeller mọ́, irin gígùn tó gba abẹ́ mọ́tò láti iwájú lọ sẹ́yìn. Irin ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, adìẹ bà lé e. Mo ní kí ló dé, wọ́n ní ó ń pariwo lẹ́yìn ni, àwọn bá yọ ọ́, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni ò ní jẹ epo púpọ̀ mọ́.

Ariwo yẹn gan-an ló bá mi fínra fún oṣù mẹ́rin, ẹ jẹ́ n rò fún yín.

Kajú ni mò ń rà. Láti oṣù kejì títí dé ìkarùn-ún, inú oko ni wọ́n ti máa rí mi, apá Bunu lọ́hùn-ún, ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó jẹ́ pé tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ sí i, ó di ọṣẹ. Ìdí tí mo fi ra CR-V nìyẹn, ẹni tó tà á fún mi ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fà, òótọ́ ló sì sọ. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀, kò sí gíà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá bíi ti jíìpù ayé àtijọ́, òun fúnra ẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀yìn bá iwájú fà.

Bí eré ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ yí mọ́tò padà nílé, tí mo ká sítíárìn dé òpin, á kàn máa kùn lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, gùùù, gùùù, gbogbo ara ẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ìyàwó mi ní ṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ń lọ ata nínú búùtù. Tí mo bá ti na sítíárìn tán, tí mo ń lọ gbọọrọ, kẹ́kẹ́ pa.

Ríwáyà kan so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ ọn, kò rí nǹkan kan, ó gbowó. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní dífù ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti kú, kí n lọ ra tọ́kùnbọ̀ wá láti Ladipo. Ìkejì ní kí n má wulẹ̀ dà á láàmú, kí á yọ propeller, ṣebí iwájú ló fi ń rìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un o, owó epo ti mú kí ojú èèyàn wọlé, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún mọ́tò ṣe ní Abuja tí mo pè lórí fóònù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ́ìlì wo ni wọ́n dà sí dífù yẹn?"

Mo ní ọ́ìlì gíà ni, ninety, èyí tí gbogbo ayé ń dà sí dífù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, sà."

Bó ṣe là á yé mi rèé. Lójoojúmọ́, iwájú ni mọ́tò yẹn fi ń rìn. Propeller ń gbé yíyí iwájú lọ sẹ́yìn, pọ́ǹpù kékeré méjì ló sì wà nínú dífù ẹ̀yìn, propeller ló ń yí ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn ló ń yí ìkejì. Àkọ́kọ́ ń pọn ọ́ìlì, ìkejì ń gbé e lọ. Tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn bá jọ ń yí bákan náà, ohun tí àkọ́kọ́ pọn náà ni ìkejì gbé, ọ́ìlì kàn ń lọ ó ń bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ká ní iwájú wọ ẹrẹ̀, tó ń yí lásán, pọ́ǹpù àkọ́kọ́ á máa pọn ju bí ìkejì ṣe lè gbé lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa omi kíákíá lẹ́nu kànga tí ẹni tó ń gbé e lọ sí àmù ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọ́ìlì á kún, á wá ibi tó máa tì, àwọn kílọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kan ló sì máa tì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, táyà ẹ̀yìn á gba agbára. Ó tán. Kò sí wáyà tó ń darí ẹ̀, kí ni ẹ̀rọ ríwáyà fẹ́ rí níbẹ̀?

Tí ẹ bá wá ká sítíárìn dé òpin, òbìrí tí táyà iwájú ń rìn tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, iwájú á fi díẹ̀ yá ju ẹ̀yìn, kílọ́ọ̀ṣì á fẹ́ lẹ̀ mọ́ra díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá dáa, á yọ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Tó bá ti gbó, tàbí tó jẹ́ ninety tó ki bí oyin, á lẹ̀, á já, á tún lẹ̀, á tún já, gùùù tí à ń gbọ́ nìyẹn. Ọ́ìlì tí Honda ṣe fún un ni wọ́n kọ Dual Pump Fluid sí lára, mo ní kó ra ike méjì, ó fi ránṣẹ́ láti gáréèjì, gbogbo owó ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń pe dífù tọ́kùnbọ̀ fún mi.

Èmi fúnra mi ni mo wọ abẹ́ mọ́tò, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan. Bóòtù méjì ló wà lára dífù yẹn, ti òkè tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì àti ti ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń gbà yọ ọ́, wọn ò lórí tí ẹ máa fi sípánà mú, ihò onígun mẹ́rin ni, ẹnu ráṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ tán tí ti òkè wá kọ̀ tí kò tú, ibo lẹ fẹ́ gbà da tuntun sí? Ohun tó jáde wá dúdú bí omi aró, ó ń rùn bí irun tó jóná. Nǹkan bíi lítà kan ló gbà, ẹ̀ẹ́ máa dà á títí á fi fẹ́ máa ṣàn jáde lẹ́nu ihò òkè.

Kò tán níbẹ̀ o. Mo gbé e lọ sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí òsì, mo ń yí i sí ọ̀tún, bí ẹni ń kọ 8 sílẹ̀, kí ọ́ìlì tuntun lè wọ àárín àwọn kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé dúró tì mí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bàbá ń kọ́ mọ́tò. Ọjọ́ yẹn ariwo dín kù, kò lọ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ mo tún yọ ọ́ìlì yẹn dànù, torí àṣẹ́kù ninety ṣì ń bẹ nínú ẹ̀, mo da ike kejì sí i. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ gùùù mọ́.

Ọ̀rọ̀ táyà náà wà níbẹ̀, fọ́kánásà ò sì ní sọ fún yín. Kì í ṣe mọ́tò tí ẹ máa fi táyà tuntun méjì sẹ́yìn kí ẹ fi méjì tó ti jẹ tán síwájú, tàbí kí ẹ da sáìsì pọ̀ torí tọ́kùnbọ̀ tí ẹ rí ní pọ́ọ̀kú. Táyà tó kéré máa ń yí ju èyí tó tóbi lọ, pọ́ǹpù méjèèjì ò wá ní bára dọ́gba láéláé, kódà lórí títì tó tẹ́jú, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbóná títí á fi jẹ.

Mi ò ní gbogbo ariwo ni ọ́ìlì o. Tó bá jẹ́ kọ́-kọ́-kọ́ níwájú nígbà tí ẹ bá ń yí, ẹ yẹ jọ́ìntì ṣáàfù iwájú wò. Tó bá ń hó lórí ìrìn gbọọrọ, tó ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, bíárìn ni kí ẹ lọ wò. Èyí tó ń kùn nígbà tí ẹ bá ká sítíárìn dé òpin lórí eré jẹ́jẹ́ nìkan ni mò ń sọ.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Bunu, àpò kajú méje wà lẹ́yìn. Táyà iwájú yí, ó tú ẹrẹ̀ lu gíláàsì, mo rọra tẹ tọ́tù, mo wá gbọ́ tí ẹ̀yìn tì mí bí ìgbà tí èèyàn fi èjìká ti ẹnu ọ̀nà. Mo gòkè. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ti yọ propeller tiẹ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Òun náà ló gbé propeller ẹ̀ sínú búùtù wá bá mi lánàá, ó ní ṣé wọ́n ṣì lè dá a padà. Mo ní wọ́n lè dá a padà, níbo ni àwọn bóòtù ẹ̀ wà? Ó ní wọ́n ti fi wọ́n de jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá Oníkajú,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi.