Nọ́ńbà inú bàtà kò wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ìwé títẹ̀ láyé ọ̀wọ́n yìí. Aránbàtà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà gáréèjì Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọdún 27 rèé tí mo ti ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bàtà rírán ni iṣẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ní báyìí, àtúnṣe ló ń gba gbogbo ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni bàtà tí wọ́n rà lórí fóònù, tí wọ́n wá gbé bá mi pé kí n bá àwọn fẹ̀ ẹ́, kí n bá àwọn sún un kì, tàbí kí n sáà bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i.

N kò kọ̀wé yìí láti bú ọjà orí ẹ̀rọ ayélujára o. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan wà tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ti ń fapá jánú pé òun ló gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Ilẹ̀ ni mò ń wò, nítorí èmi náà ń tajà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi forúkọ sílẹ̀ ní 2022. Háàfù ṣúù àti páàmù tí mo fi awọ Múṣin rán ti dé Kàdúná, ó ti dé Pọ́tákọ́tì, ìlú tí èmi fúnra mi kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ta ni n bá wá máa bú? Ẹjọ́ tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú oṣù kẹfà ọdún 2025. Ọjọ́ 8 ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ọjọ́ kẹta Iléyá. (Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Kábíyèsí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà. Ta ló mọ̀ pé Ojúde Ọba tí yóò kẹ́yìn lójú ayé wọn nìyẹn!) Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń fi aṣọ ṣe lọ́jọ́ náà: ẹgbẹ́ kan, aṣọ kan, gèlè kan, bàtà àti báàgì kan náà. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ Iléyá, alága ẹgbẹ́ obìnrin kan (n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n á bá mi jà) sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tàwọn ti báàgì Gáná-mọ́sì-gò méjì.

"Bàbá oníbàtà, ẹ gbà mí. Ìtìjú fẹ́ bá mi."

"Kí ló dé, Màmá?"

Wọ́n da ẹrù náà sílẹ̀. Bàtà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34), aláwọ̀ góòlù, olókùúta wínníwínní níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Wọ́n ní láti oṣù kẹrin ni àwọn ti ra gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ọjà ńlá tó wà lórí fóònù, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ìyá 34, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wọlé.

"Ṣé ẹ wọn ẹsẹ̀ wọn kí ẹ tó rà á?"

"Wíwọ̀n kẹ̀? Kálukú kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí Wásáàpù, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe rà á. Èmi fúnra mi, 41 ni mò ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ!"

Mo ṣa mẹ́ta tí wọ́n kọ 41 sí nínú rẹ̀. Mo yọ ìtẹ́lẹ̀ inú wọn, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo fa tépù lé e. Ti àkọ́kọ́, sẹ̀ǹtímítà 25. Ìkejì, 25.4. Ìkẹta, 24.6. Ẹrù kan náà, nọ́ńbà kan náà, ẹni kan náà ló tà á. Mo wá ní kí Màmá bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n dúró lé orí ìwé. Ẹsẹ̀ wọn jẹ́ 25.7. Wọ́n wo tépù, wọ́n wò mí lójú.

"Ṣé èmi ni mo sanra ni, àbí bàtà ló rù?"

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé nọ́ńbà bàtà kì í ṣe ohun kan náà káàkiri ayé. Ti Yúróòpù tí a mọ̀ jù níbí, 40, 41, 42, ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà ni nọ́ńbà kan fi ju èkejì lọ. Láàsì ni wọ́n sì ń wọ̀n, ìyẹn ẹsẹ̀ onígi tàbí onírọ́bà tí àwa aránbàtà fi ń mọ bàtà, wọn kì í wọn ẹsẹ̀ èèyàn. Láàsì 41 yẹ kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 27 lé díẹ̀, torí ìka ẹsẹ̀ nílò àyè níwájú. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, hóró ọkà bálì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: hóró mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ ínǹṣì kan, hóró kan sì ni wọ́n fi ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ sí èkejì títí di òní. 8 tiwọn sún mọ́ 42 ti Yúróòpù. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀, ti ọkùnrin wọn kò sì bá ti obìnrin wọn dọ́gba. Lójú tèmi, àwọn ará Ṣáínà ló gbọ́n jù nínú wọn: gígùn ẹsẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ, ní mìlímítà, 250, 255, 260. Àmọ́ bí bàtà náà bá ti fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà Yúróòpù ni a óò bá lára rẹ̀, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ sì lẹ èyí tó wù ú.

Kì í ṣe wọn nìkan, kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Láàsì kan wà tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá mi, 43 ni wọ́n kọ sí i nídìí, ẹni tó ń wọ 44 ni mo máa ń fi rán bàtà fún, torí mo mọ̀ ọ́n. Lójú ọjà, ní Òkè-Ajé tàbí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ rìn lọ rìn bọ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ gbé òmíràn. Lórí fóònù, nọ́ńbà yẹn nìkan ni ẹ ó rí dì mú. Wọn kì í sì í sọ bí bàtà ṣe fẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ àwa tí a fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sóko, rìn lọ síléèwé, níwájú ló ti fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Màmá, ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Awọ gidi, ẹ lè rin ín lómi díẹ̀, kí ẹ ki láàsì tó jù ú lọ bọ̀ ọ́ mọ́jú, yóò gbà fún yín. Eléyìí kì í ṣe awọ. Aṣọ tín-ínrín tí wọ́n da rọ́bà lé lórí ni. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú góòlù ti èyí tí mo kọ́kọ́ fà ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fi ọ̀bẹ là á kí n lè rí inú rẹ̀: páálí ni wọ́n tẹ́ sáàárín sóòlù àti ìtẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di bisikíìtì. Mo pa fífà tì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹ̀yìn wọn kúrò kí n lè sọ wọ́n di sílípáàsì, kí gìgísẹ̀ máa yọ díẹ̀, kí ìró bò ó. Títí di alẹ́ Sátidé, 11 ni mo rí gbà là. 3 bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sanwó wọn. Àwọn tó kù lọ wọ ohun tí wọ́n ní nílé. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń jó bọ̀, gbogbo ayé ń wo gèlè, ẹsẹ̀ ni èmi ń wò.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹrù náà dé. Bí Màmá bá ti lọ gbà á, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó o sí, pé ọjọ́ tó bá pé ni kálukú yóò wá mú tirẹ̀. Ìgbà tó fi pé, gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n lè fi dá ti àkọ́kọ́ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì padà ti kọjá. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣì ku ọjọ́ méjì, ni ápù bá ní kí wọ́n ya fọ́tò bàtà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ro ẹjọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kó o padà nínú páálí tó bá wá. Páálí wo? Ọmọ-ọmọ wọn ti fi ṣe mọ́tò.

Mo mọ̀ pé òfin wà. Òfin ààbò oníbàárà tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe tí wọ́n fi tà á mu. Ó dáa. Kí ni "41" ṣàpèjúwe? Ẹni tó tà á yóò ní 41 lòun kọ, 41 lòun kó ránṣẹ́, kò sì purọ́. Bó bá jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 26 ló kọ, tí tépù wá sọ pé 25, àríyànjiyàn tán.

Mo ti dán an wò lára ọjà tèmi. Oṣù tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí tà lórí fóònù, mo ta bàtà 6, 4 padà wá bá mi, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ èrè méjì tó kù. Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ẹ tẹ́ tépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́lẹ̀ kí n yà á." Inú bí mi díẹ̀. Mo rò pé rírán ọwọ́ mi tó polówó ara rẹ̀. Fọ́tò tépù yẹn ló wà lábẹ́ gbogbo bàtà mi lórí ápù báyìí. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, 2 péré ló padà, ẹni tó sì dá ọ̀kan padà ní àwọ̀ rẹ̀ ni kò wu òun.

Nítorí náà, ẹ bá mi gbé ohùn mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-ọjà ńlá wọ̀nyí. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé ọjà sórí ápù wọn láìkọ iye owó. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a gbé bàtà síbẹ̀ láìkọ gígùn ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Kò ná wọn ní nǹkan kan, àlàfo kan ni wọ́n máa fi kún un. Kí wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì kan síbi tí a ti ń gba ẹrù, kí a lè jókòó dán bàtà wò. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ohun tó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé ọjà lè délé kí a tó sanwó. Ó dára lóòótọ́, àmọ́ ọlọ́kadà tó gbé e wá kò pa ẹ́ńjìnnì, ó ń wo aago, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ó fi dán bàtà wò lẹ́nu géètì.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹ, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ra tépù. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ yín, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ dúró ni o, ẹ má jókòó. Ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri lórí ìwé, ẹ fàlà síbi tí ìka tó gùn jù dé, kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ àtàǹpàkò. Ẹ wọn ọ̀tún àti òsì, èyí tó bá gùn jù ni kí ẹ gbà. Bó bá jẹ́ bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé mélòó ni ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Ti aṣọ ńkọ́? Ìyá aránṣọ tó múlé tì mí ló yẹ kó kọ̀wé sí yín lórí ìyẹn, òun ló ń tú ṣẹ́ẹ̀tì XXL tí kò gba ọmọ ọdún 15. Ó kúkú sàn fún un, aṣọ ṣeé tú.

Nǹkan kan tún wà tí kò kan nọ́ńbà, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Alàgbà ìjọ kan ra bàtà tuntun ní ẹ̀dínwó lórí fóònù, ó wọ̀ ọ́ lọ síṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, sóòlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rún bí àkàrà àná láti orí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ń wá ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe é kí wọ́n tó gbé e wá bá mi. Kò sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Irú sóòlù fífúyẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ooru ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kódà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Bàtà náà ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí ni. Bí bàtà bá dára ju owó rẹ̀ lọ, ẹ bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n ṣe é.

Màmá alága padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ nínú oṣù Kejìlá, wọ́n sì tún fẹ́ wọ bàtà kan náà. Àpò ìwé ni wọ́n gbé lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìwé 34, ẹsẹ̀ 34. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ òsì nìkan, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀tún ń wú. Èmi, Màmá àti ọmọ mi jọ jókòó ti fóònù, a bi àwọn 9 tó ń ta bàtà ní gígùn ìtẹ́lẹ̀. Méjì dá wa lóhùn. Ẹnì kan ní ká fọkàn balẹ̀, pé yóò bá wa mu. Ẹnì kejì fi fọ́tò tépù ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ la ti máa rà á.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníbàtà,
Ọ̀nà gáréèjì Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde.