Omi Kànga Tó Mọ́ Gaara

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi mímu ló mú mi kọ̀wé sí yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ládùúgbò wa fa omi nínú kànga tí kò jìnnà sí ṣáláńgá, ó fi álọ́ọ̀mù sí i, ó sì gbé e kalẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ti sìlẹ̀ sí ìdí garawa, omi orí rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ó ní omi náà kò lábùkù mọ́, òun yóò fi po mílíìkì fún ọmọ-ọmọ òun. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, àmọ́ ògì tí òun fúnra rẹ̀ ń sẹ́ tà ni mo fi ṣàlàyé fún un.

Bí a bá da àgbàdo lílọ̀ sórí asẹ́ tí a ń bomi sí i, èèrí yóò kù sókè nítorí pé kò lè gba ojú asẹ́. Ògì á gba ibẹ̀ kọjá, omi á funfun, síbẹ̀ ògì kò yọ́. Ṣe ló kàn léfòó káàkiri, bí a bá sì gbé e kalẹ̀, á sìlẹ̀. Omikan tó wà lókè ni mo ní kí ìyá náà tọ́ wò. Ó kan. Bí a tún un sẹ́ nígbà mẹ́wàá, kíkan náà kò ní kù sórí asẹ́, nítorí pé ásíìdì tó mú un kan ti yọ́ pátápátá sínú omi.

Ibẹ̀ ni agbára álọ́ọ̀mù pin sí. Ó máa ń kó amọ̀ tó léfòó jọ títí tí yóò fi wúwo, tí yóò sì rì. Náítíréètì, èròjà kan tó ń ti inú ṣáláńgá àti ajílẹ̀ jáde, kò léfòó ní tirẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú rẹ̀ tí kì í yọ́ nínú omi, ìdí nìyẹn tó fi ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ rìn dé kànga. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan, pàápàá nítorí àwọn ìkókó, tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn má lè gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ. Bí a bá se omi náà, kòkòrò á kú, àmọ́ omi ló ń gbẹ, náítíréètì kò lọ síbì kankan.

Ojú kò lè wọn ohun tó ti yọ́. Gíráàmù 100 omi tútù lè gba nǹkan bí gíráàmù 36 iyọ̀, kí ó sì mọ́ bí omi òjò nínú ife. Èyí tí a bá fi lé e ló máa rì sí ìsàlẹ̀.

Mo bẹ yín, bí ẹ bá ń kọ̀wé lórí álọ́ọ̀mù, ẹ sọ ohun tí kò lè ṣe mọ́ ohun tó lè ṣe, kí ẹ sì gba àwọn ènìyàn níyànjú láti gbé omi kànga wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ìyá náà ti ń wá omi mìíràn fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n kànga yẹn ni àwọn ilé tó yí i ká ṣì ń mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kẹ́mísírì kan, Ìbàdàn.