Ta Ni Aṣáájú? Ìbéèrè Yẹn Nìkan Ò Tó, Olóòtú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí oṣù tí ọ̀rọ̀ "ta ni aṣáájú Yorùbá" kì í jáde nínú ìwé ìròyìn yín, ẹnì kan á ní lágbájá ni, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, làkáṣègbè ni, àwọn tó ń kọ lẹ́tà á wá máa bú ara wọn. Èmi náà gbádùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a máa ń jà á ní hostel títí NEPA á fi mú iná lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń sú mi.

Ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, holidé gígùn yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ olùkọ́ wa kan, àwọn ìwé Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fẹlá olórin, tó wà ní láíbìrì Kenneth Dike ni wọ́n ní kí n máa kà. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ìyá Fẹlá ló lé Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ó parí. Àṣé kò parí rárá.

Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin l'Ábẹ́òkúta. Ta lèèyàn fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ẹ̀gbá ò fi ìlú sọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́lẹ̀, Ògbóni wà níbẹ̀, Ológun wà, Pàràkòyí ń mójú tó ọjà, Ìyálóde ń gbẹnu sọ fáwọn obìnrin, Ẹfúnróyè Tinúbú ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní 1864. Òyìnbó ló wá kó gbogbo agbára lé Aláké nìkan lọ́wọ́, torí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó máa bá ẹyọ ẹnì kan sọ̀rọ̀. Olóòtú, ìbéèrè Òyìnbó yẹn náà la ṣì ń bi ara wa o!

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó kàwé ló kọ́kọ́ wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọjà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, àwọn yẹn wá sọ bí ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn, nígbà tó di 1946 ó ti di Abẹ́òkúta Women's Union, ìyàwó tíṣà àti ìyá ọlọ́jà jọ ń ṣe mítìn, Yorùbá ni Ìyá Kuti ń sọ níbẹ̀, ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé wọ́n gba akáǹtáǹtì kó yẹ ìwé owó ìjọba Aláké wò. Ariwo nìkan kọ́! Nígbà tí wọ́n wá lọ ṣe ìwọ́de lórí owó orí ní Aké, níbi tí ààfin Aláké wà, ní ìparí November 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 ni wọ́n ní ó sùn síbẹ̀. January 1949 Aláké fi ìlú sílẹ̀, obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Ọba padà dé ní 1950 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdánìkanṣèjọba ti tán.

Lọ́dọ̀ tiwa, tí ìbò SUG, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bá dé, ẹni tó mọ máìkì í dì mú là ń tẹ̀lé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìwé owó.

Torí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún kánsẹ́lọ̀, alága lándílọ́ọ̀dù àti ìyálọ́jà, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ sì bá wa kéde l'Ábẹ́òkúta pé ẹni tí ìyá ẹ̀ tàbí ìyá ìyá ẹ̀ bá wà ní Aké lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó kọ̀wé sí yín, kó dárúkọ ìyá náà àti ọjà tó ń ná.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn