Àwòrán tí a kò tẹ̀ náà ń ṣọṣẹ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ gbà wá lórí àwọn oníjìbìtì orí fóònù, pé ká má tẹ ohunkóhun tí a kò bá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan.

Àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto ló bá Pegasus, irinṣẹ́ amí, lórí iPhone òṣìṣẹ́ àjọ kan tó fi Washington ṣe ibùjókòó. Inú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí iMessage, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ orí iPhone, ló gbà wọlé. Onífóònù kò ṣí i. Fóònù fúnra rẹ̀ ló tú àwòrán náà wò.

Inú libwebp ni àlébù tó jẹ́ kó lè wọlé wà, kóòdù ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ Google tí ń tú irú àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní WebP. Kó tó lè tú u, ó ní láti to tábìlì kan (àtẹ nọ́ńbà) sínú mẹ́mọ́rì, àyè tí wọ́n sì wọ̀n sílẹ̀ fún tábìlì náà ní ìwọ̀n. Àwọn ọ̀daràn wá ṣe àwòrán tí tábìlì tirẹ̀ ju àyè lọ. Kóòdù kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń kọ ọ́ lọ bí àgbẹ̀ tó kọ ebè kọjá ààlà wọ oko ẹlòmíì. Oko ẹlòmíì yẹn, ìyẹn apá mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe ti tábìlì náà, gan-an ni ọ̀daràn ń wá.

Apple tún tirẹ̀ ṣe ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án náà, Google tún Chrome ṣe ní ọjọ́ kọkànlá. Ibi tó dùn mí nìyí: orúkọ Chrome nìkan ni Google kọ́kọ́ fi kéde rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Firefox, Telegram, LibreOffice àti ọ̀pọ̀ áàpù mìíràn ló gbé libwebp tiwọn sínú. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó fún libwebp ní nọ́ńbà tirẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlébù mọ̀), pẹ̀lú máàkì ewu 10 nínú 10, wọ́n sì tún fagi lé e pé ọ̀kan náà ni òun àti ti Chrome. Àwọn kan ní torí pé kóòdù náà wà ní gbangba ló fi rí bẹ́ẹ̀. N kò gbà. Wíwà tó wà ní gbangba ló jẹ́ kí àwọn yòókù rí àtúnṣe náà mú kíákíá.

Àwa tí a ń ra fóònù tòkunbọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fi update ránṣẹ́ sí i mọ́. Àwọn tó sì ń rí i gbà ń pa á nítorí owó dátà (èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí). Lórí Android, ọjọ́ tí ẹ ó wò ni ti "Android security update" nínú Settings. Bó bá ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2023, ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ èyí mọ́ ìmọ̀ràn yín nígbà mìíràn, kí ẹni tó fẹ́ ra fóònù lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn