Lẹ́tà sí Àjàní lórí ọdẹ fẹ́sáǹtì láìsí ajá

Àjàní ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó mú bírò, nítorí pé ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí gbólóhùn kan lè dáhùn. O ní o ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ, o ti ra ìbọn, o sì ti rí onílẹ̀ tí ó gbà kí o wọ oko rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí o bá sọ ọ́ fún ni ó ń sọ pé ẹni tí kò bá ní ajá, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí fẹ́sáǹtì, ẹyẹ oko onírù gígùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pheasant. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ ibi tí wọ́n rò pé ó wà kọ́ ni ó wà. Ọdún kẹfà mi rèé tí mo ti ń lépa ẹyẹ yìí láìní ajá, mo sì rí i pé àìní ajá kò fi bẹ́ẹ̀ dí ènìyàn lọ́wọ́ láti rí ẹyẹ. Ibi tí ó ti ń dunni ni ìgbà tí ìbọn bá ti dún tán, tí ẹyẹ ti bọ́ sínú koríko, tí kò sì sí imú tí yóò bá ọ wá a. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ṣe é láìsí ajá, mọ̀ láti ìsinsìnyí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwọ yóò gbé ìbọn sókè tí o kò sì ní yìn ín.

Mọ̀lẹ́bí àparò ni fẹ́sáǹtì, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Àparò a máa ba mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fẹ́sáǹtì náà lè ba bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé kí ó tó rántí pé òun ní ìyẹ́. Bí ó bá gbúròó rẹ lókèèrè, yóò na ọrùn síwájú, yóò tẹ orí ba, yóò sì gba abẹ́ koríko sáré lọ láìjẹ́ kí ewé kan mì. Nígbà tí o bá fi máa dé ibi tí ó wà, ó ti jáde ní òdì kejì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ tuntun fi máa ń sọ pé kò sí ẹyẹ nínú igbó kan, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ẹyẹ náà ni wọ́n rọra yà fún wọn. Ilẹ̀ Éṣíà ni orírun rẹ̀. Ní ọdún 1881 ni Owen Denny, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, kó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, nígbà tí yóò sì fi di 1919, ìpínlẹ̀ South Dakota ti ṣí àkókò ọdẹ fún un. Àjèjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ oko ọkà ju ọ̀pọ̀ onílé lọ: oúnjẹ rẹ̀ wà láàárín pòròpórò àgbàdo, ibùsùn rẹ̀ wà nínú koríko gíga, ààlà oko ni ó sì ń gbà lọ tí ó ń gbà bọ̀.

Ààlà wọ̀nyẹn ni kí o lọ. Ẹni tí ó ní ajá lè wọ pápá tí ojú kò tó òpin rẹ̀, kí ajá máa lọ sọ́tùn-ún sósì níwájú rẹ̀. Bí ìwọ bá wọ irú pápá bẹ́ẹ̀ ní ìwọ nìkan, agbọ̀n ni o fi ń pọn omi. Wá ibi tóóró: etí kòtò tí omi ń gbà lójú ọ̀nà, koríko tí ó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà, ọ̀wọ́ igi tí àwọn àgbẹ̀ gbìn láti fi dá afẹ́fẹ́ dúró, tàbí àbàtà kékeré tí esùsú bò, tí oko tí wọ́n ti kórè sì yí i ká. Nínú irú ibi bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni ẹyẹ ní, iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sì ní fẹ́ sáré jáde sí ilẹ̀ gbalasa tí ojú ọ̀run ti ń wò ó, nítorí pé àwòdì wà níbẹ̀. Yóò máa rìn síwájú rẹ títí igbó yóò fi tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti fò. Mo ti rí àwọn tí wọ́n rin kìlómítà kan gbáko, tí ó sì ku mítà 20 kí koríko parí, tí wọ́n wá yí padà nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mítà 20 yẹn ni gbogbo ìrìn náà wà fún.

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà rìn ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ jù. Má ṣe rìn tààrà bí ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́. Máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kí o lọ síwájú díẹ̀, kí o yà, kí o tún padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mélòó kan, kí ẹyẹ má baà mọ ibi tí o dorí kọ. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ bíi 15 tàbí 20, dúró. Dúró pátápátá, kí o má fọhùn, kí o má yẹ ẹsẹ̀, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Bí ariwo ẹsẹ̀ bá ń bọ̀, ẹyẹ mọ ibi tí ewu wà, ó sì lè fọkàn balẹ̀ kí ewu náà kọjá. Ṣùgbọ́n bí ariwo náà bá dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè rò pé a ti rí òun, ara rẹ̀ kì í sì í gbà á mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo dúró báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì koríko kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Mo ti kọjá lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìfura. Mo ń gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ lára pòròpórò, mo sì ń ka iye ìgbà tí mo mí, nígbà tí ewé koríko kan mì, ọ̀kan ṣoṣo, ní òdì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí mo fi rí ojú róbótó kan àti awọ pupa tí ó yí i ká. Kò ju ìgbésẹ̀ méjì sí bàtà mi. Èmi àti òun wo ara wa fún ìgbà tí mi ò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó, kí ó tó tú jáde pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí ènìyàn gbọn aṣọ títóbi lójijì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Kí o tó wọ igbó rárá, dákẹ́. Má ṣe pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà, má ṣe pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí ọ lójú kí ó lè gbé ìró ẹsẹ̀ rẹ lọ sẹ́yìn. Ní ti àkókò, ìdájí ni wọ́n ń lọ jẹun. Nígbà tí oòrùn bá ga, wọ́n á padà sínú koríko láti sinmi. Wọ́n á tún jáde ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì wọlé sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wákàtí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé mo lè jókòó sí ìkángun koríko kí n kàn máa wo ibi tí wọ́n ń bà sí. Bí yìnyín tuntun bá sì bọ́ lóru, jí lọ. Ipasẹ̀ ọmọ ìka mẹ́ta yóò hàn gbangba lórí rẹ̀, o lè tẹ̀lé e bí ẹni ń ka ìwé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìrù wọ́ sáàárín. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyẹ náà máa ń ba mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bí o bá rí ẹnì kan bá ọ lọ, kí ọ̀kan yín lọ dúró sí ìkángun igbó láti ọ̀nà jíjìn, kí èkejì máa rìn bọ̀. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ń tàn, kódà níbi tí òfin kò bá sọ pé ó di dandan. Ẹyẹ tí ó bá fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yín, ẹ jẹ́ kí ó lọ, mi ò bìkítà bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Yọ ọta kúrò nínú ìbọn kí o tó la ọgbà wáyà kọjá.

Ní ti ìbọn, gauge 12 tàbí 20 (ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ ẹnu ìbọn) ti tó, pẹ̀lú ọta nọ́ḿbà 4, 5 tàbí 6, nọ́ḿbà tí ń sọ bí hóró ọta ti tóbi tó. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ibi tí òfin ti ka ọta òjé léèwọ̀, bí ó ti rí ní àwọn àbàtà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ, ọta irin ni kí o rà. Akọ nìkan ni òfin gbà ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí pé akọ kan lè bá abo púpọ̀ ṣe, pípa akọ kò sì ní kí ọmọ má wà lọ́dún tó ń bọ̀. Akọ ní orí aláwọ̀ ewé tí ń dán, ojú pupa, òrùka funfun lọ́rùn, ara bíi bàbà, àti ìrù gígùn; abo pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ. Akọ a tún máa kígbe bí ó bá ń dìde, abo kì í sábàá fọhùn. Bí oòrùn bá wà lójú rẹ, tí o kò rí ju òjìji dúdú lọ, sọ ìbọn kalẹ̀. Nígbà tí o bá sì fẹ́ yìn ín, orí ni kí o wò. Ìrù yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ọdẹ jẹ. Ẹni tí ó bá wo gbogbo gígùn ẹyẹ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò yìnbọn sí.

Mo wá dé ibi tí mo ti fẹ́ dé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, akọ méjì fò lẹ́ẹ̀kan náà láti inú esùsú. Mo yìnbọn, ọ̀kan bọ́. Ojú kòkòrò mú mi, mo yí sí èkejì, òun náà bọ́. Inú mi dùn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nígbà tí mo yíjú padà, gbogbo esùsú jọra wọn. Mo wá wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, mo rí ìyẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ewé kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ méjì jẹrà lásán nítorí mi, tàbí kí wọ́n ti jìyà kí wọ́n tó kú. Èmi kò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ṣe òfin fún ara mi ní òwúrọ̀: ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ jìnnà ju mítà 30 lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ lórí igbó tí èmi fúnra mi kò lè wọ̀. Bí ó bá ń fò lọ sórí àbàtà jíjìn, kí ó máa lọ ire.

Bí ó bá bọ́, má gbé ojú kúrò níbẹ̀. Má wo ìbọn, má wá kàtíríjì tí ó jábọ́. Mú àmì kan lẹ́yìn ibẹ̀, igi kan tàbí òpó ọgbà, kí o sì rìn tààrà lọ bá a. Tí o bá dé ibi tí o rò pé ó jẹ́, gbé fìlà rẹ kọ́ orí koríko, kí o wá máa yí i ká, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, kí o tó máa fẹ̀ ẹ́ sí i. Wá ìyẹ́ kí o tó wá ẹyẹ. Fi ọwọ́ ya ìdì koríko kọ̀ọ̀kan, má kàn fi ojú wò ó, nítorí pé akọ tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ yóò wọ ibi tí o kò lérò. Mo ti fa ọ̀kan yọ nínú ihò ẹranko kan. Orí àti èjìká rẹ̀ ti wọlé tán, ìrù nìkan ni ó gbàgbé síta. Yára pa irú èyí, kí ìyà má baà jẹ ẹ́ pẹ́. Bí o bá rí i, má ṣe gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò kí o tó délé, kí àwọn aṣọ́gbó lè fi ogàn mọ̀ pé akọ ni. Wo ogàn náà fúnra rẹ pẹ̀lú: bí ó bá kúrú, tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ọmọ ọdún yìí ni, bí ó bá gùn tí ó sì mú ṣóṣó, àgbà tí ó ti sá fún àwọn ajá ẹlòmíràn ni.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìjáde rẹ àkọ́kọ́, kí o sì sọ iye ìgbà tí o gbé ìbọn tí o kò yìn ín, nítorí ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ ju iye ẹyẹ lọ. Mo di fìlà aláwọ̀ ọsàn méjì sínú ẹrù tí yóò tẹ̀lé lẹ́tà yìí. Ọ̀kan wà fún orí rẹ, èkejì wà fún koríko.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àlàó